Ọ̀bẹ Tí Ọláyanjú Fi Irin Pàǹtí Ṣe

Nígbà tí Ọláyanjú wà nílé rẹ̀ ní Ìgbẹ́tì, kò sẹ́ni tó ń bi í pé kí ló fẹ́ fi ọ̀bẹ ṣe. Agbẹ́gilére ni, ọmọ agbẹ́gilére. Ọdún méjìlélógójì ló fi gbẹ́ igi kí àìsàn tó dé sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ dìde lórí ẹní, apá òsì dìde, apá ọ̀tún kò bá a dìde. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Wàsílátù, ló wá gbé e wá sí Èkó, tó ń tọ́jú rẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á, tó ń wọ́ rìn. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni kò padà. Ó kàn so rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ìgbà tó jẹ́ ọwọ́ ẹlòmíì tí wọ́n ní kó bá wọn gbé.

Kó tó pé oṣù mẹ́fà tó ti wà l'Ékòó, àbúrò rẹ̀ tó fi ilé sílẹ̀ fún ti kó gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ tà fún àwọn tó ń ra irin pàǹtí kiri. Nígbà tí Ọláyanjú pè é lórí fóònù, ọkùnrin náà kò jiyàn. Ó ní òun rò pé ẹ̀gbọ́n òun kò tún lè gbẹ́gi mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí dun Ọláyanjú ju àìsàn lọ, nítorí pé ẹni tó sọ ọ́ kò fi ìkà sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ti dá.

Àjà kejì ọ̀kan nínú àwọn ilé Jakande Estate n'Ísọlọ̀ ni Wàsílátù ń gbé. Ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà lọ sókè Ọya, kì í sábà sí nílé. Òun fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe garawa àti abọ́ oníke. Láàárọ̀ kùtù ló ń lọ, ó di nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán kó tó dé. Kó tó lọ, á ti wẹ̀ fún bàbá rẹ̀, á ti wọṣọ fún un, á gbé oúnjẹ rẹ̀ sórí tábìlì, á fi abọ́ dé e, á sì ti kọ́bọ́ọ̀dù tí gbogbo ọ̀bẹ ilé wà nínú rẹ̀ pa. Kò ṣàìnídìí. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, Ọláyanjú fẹ́ gé iṣu sè. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún tó ti kú lé iṣu kó má baà yí, ó fi òsì gé e. Kò mọ̀ pé òun ti gé ìka mọ́ iṣu, àfi ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ ló tó wolẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Wàsílátù ti ní òun kò fẹ́ rí ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ Ajé kan, àwọn oníná wá gé ẹ̀ka igi dóńgóyárò tó ń kan wáyà níwájú ilé. Wọ́n gé e tán, wọ́n wọ́ ọ sí ẹ̀bá gọ́tà, wọ́n bá tiwọn lọ. Ọláyanjú jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, afẹ́fẹ́ sì gbé òórùn igi tútù wá bá a. Ó pẹ́ tó ti gbóòórùn yìí gbẹ̀yìn. Ó ń wo ẹ̀ka tó nípọn jù nínú wọn, ó ń wo ibi tó ti tọ́ àti ibi tó ti kákò, kò sì mọ ìgbà tí ojú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ṣíbí jáde lára rẹ̀.

Bó bá bẹ Wàsílátù ní ọ̀bẹ, kò ní fún un. Ọ̀bẹ ìdáná náà kò tilẹ̀ wúlò fún iṣẹ́ yìí, ó gùn jù, ó sì fẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń fún ọmọ iṣẹ́ ní ọ̀bẹ rí? Bàbá tó bí i kì í fún ẹnikẹ́ni. Bí ọmọ bá wá kọ́ṣẹ́, á ní kó lọ wá irin, kó ṣe tirẹ̀ wá, nítorí ẹni tí kò lè ṣe ọ̀bẹ kò tíì mọ ohun tí ọ̀bẹ fẹ́. Ọláyanjú dìde. Ó fi òsì gbá ògiri mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀.

Adébánjọ ajórin ní ṣọ́ọ̀bù sí iwájú ilé náà, níbi tó ti ń ṣe géètì àti fèrèsé onírin. Nígbà tí Ọláyanjú dé ibẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu.

"Adébánjọ, bíléèdì ayùn tí o fi ń gé irin, bó bá kán, níbo lò ń jù ú sí?"

"Inú garawa yẹn ni, Bàbá. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ fi ṣe ọ̀bẹ kékeré kan. Ti gbígbẹ́ igi."

Adébánjọ wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó sì yára gbé ojú kúrò. Ọláyanjú mọ ìwò yẹn. Kò sí ibi tó rìn dé l'Ékòó tí wọn kò ti fi wò ó.

"Ẹ mú ọ̀kan wá," ni Adébánjọ wí. "Ẹ̀rọ ni n óò fi lọ̀ ọ́ fún yín, kò gba ìṣẹ́jú kan."

"Máa fi omi sí i o. Bó bá gbóná jù, irin náà á rọ̀."

Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ ti ń ké, Adébánjọ sì ti tan ẹ̀rọ. Iná ń ta pàràpàrà. Ọláyanjú pariwo lẹ́ẹ̀mejì pé kó fi omi sí i, ẹnì kan kò gbọ́ ọ. Nígbà tí Adébánjọ na irin náà sí i, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹnu irin náà ń dán, ṣùgbọ́n ó ti di aláwọ̀ búlúù láti ìdí dé ṣóńṣó. Ọláyanjú kò tíì fọwọ́ kàn án tó ti mọ̀ pé ó ti bàjẹ́. Ó dúpẹ́, nítorí pé ó yẹ kí ènìyàn dúpẹ́. Ó rìn dé ẹ̀bá gọ́tà, ó fi ẹnu irin náà fá èèpo ẹ̀ka igi. Ó fá a lẹ́ẹ̀kan, ó fá a lẹ́ẹ̀kejì, ẹnu irin náà sì ká pọ̀ bí etí ìwé.

Ó padà lọ bá Adébánjọ, ó mú bíléèdì mìíràn tó kán nínú garawa.

"Ẹ mú un wá kí n bá yín lọ̀ ọ́, Bàbá."

"O ṣeun. Èmi fúnra mi ni n óò lọ̀ ọ́."

"Kí lẹ máa fi lọ̀ ọ́?"

Ọláyanjú yí padà. Ó ti ń wo àtẹ̀gùn ilé wọn, níbi tí sìmẹ́ńtì ti họ tó sì rí págunpàgun.

Orí àtẹ̀gùn náà ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, bí Wàsílátù ṣe jáde tán. Ó wá awẹ́ rọ́bà táyà, ó fi wé ìdí bíléèdì kó má baà gé òun lọ́wọ́. Ó da omi díẹ̀ sí sìmẹ́ńtì, ó sì ń fi irin náà ha á, síwá, sẹ́yìn. Ẹni tó ní ọwọ́ méjì, ọ̀kan á di irin mú, èkejì á máa tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni tirẹ̀, òun ni yóò dì í mú, òun ni yóò tẹ̀ ẹ́, òun náà ni yóò tún da omi. Bó bá na ọwọ́ sí ìgò omi, irin á yọ̀ bọ́. Bó bá gbá irin mú, ìgò á ṣubú. Lọ́jọ́ kìíní yẹn, ìgò yí láti òkè àtẹ̀gùn dé ìsàlẹ̀, omi dà nù tán, Ọláyanjú sì sọ̀kalẹ̀ lọ mú un, ó gùn padà lọ pọn omi, ó tún jókòó. Nígbà tó fi máa ṣe èyí tán, oòrùn ti kan àtàrí. Eyín ayùn tó wà létí irin náà nìkan ni gbogbo làálàá ọjọ́ náà mú kúrò.

Àwọn ará ilé ń fò ó kọjá. Àwọn kan ń kí i, àwọn kan ń ní, "Bàbá, ẹ sún díẹ̀." Lọ́jọ́ kẹta, awọ orí ìka rẹ̀ ti bó. Bí Wàsílátù bá ti ń bọ̀, á gbá ìyẹ̀pẹ̀ sìmẹ́ńtì kúrò lára ṣòkòtò, á fi irin pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, á wá lọ jókòó sọ́dẹ̀dẹ̀ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan látàárọ̀. Ìyẹn gan-an tún ń bí i nínú. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, tó ń fi nǹkan pamọ́ fún ọmọ tó bí.

Nígbà tí irin náà mú, ó ku èèkù. Ó gé igi kékeré kan lára ẹ̀ka dóńgóyárò, ó fi òkúta lu irin wọ inú rẹ̀ títí igi fi là, ó ki irin bọ àárín. Ó ku kó fi rọ́bà dì í yí ká. Ó fi orúnkún méjèèjì gbá a mú, ó fi eyín di ìdí rọ́bà, ó sì ń fi òsì wé e. Rọ́bà já mọ́ ọn lẹ́nu, ó gbá a létè. Ó tún un ṣe, ó tún já. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ló ń ṣe é lọ́wọ́ tí Jennifer, aránṣọ tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwọn, ṣílẹ̀kùn, tó bá a pẹ̀lú rọ́bà lẹ́nu.

"Dádì, kí lẹ ń jẹ?"

Ọláyanjú yọ rọ́bà lẹ́nu. "Bá mi di ibí yìí mú."

Jennifer kúnlẹ̀, ó dì í mú. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fa nǹkan le, ọwọ́ aránṣọ ni. Láàárín ìṣẹ́jú méjì, wọ́n ti wé e tán. Ọláyanjú wò ó, inú rẹ̀ kò dùn tó bó ṣe yẹ kó dùn. Ọjọ́ mẹ́rin ni òun fi ń jìjàkadì, ìṣẹ́jú méjì ni ọwọ́ méjì fi parí rẹ̀.

"Ṣé Àǹtí Wàsílátù mọ̀ sí i?" ni Jennifer bi í.

"Kò tíì kàn án."

Jennifer wò ó títí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra o," ó sì wọlé padà.

Ó wá kan ìdánwò. Ọláyanjú fi orúnkún há igi, ó gbé ọ̀bẹ lé e, ó tì í síwájú. Ọ̀bẹ náà yọ̀ kọjá lórí igi bí ẹsẹ̀ lórí ẹrẹ̀. Ó tún tì í. Kò mú. Nígbà tó gbé ìdí ọ̀bẹ sókè díẹ̀ kó lè mú, ó rì wọnú igi, ó há síbẹ̀, kò lọ, kò bọ̀. Ó fà á yọ. Ó fi àtàǹpàkò kan ẹnu rẹ̀: ó mú dáadáa. Ó tún tì í lórí igi náà, ohun kan náà ló ṣe. Ó rò ó pé bóyá igi ló le, ó wá ibòmíràn. Ó rò ó pé bóyá òun kò tẹ̀ ẹ́ tó, ó fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn èyí ló wá gbé ọ̀bẹ sókè sí ìmọ́lẹ̀, tó sì rí ohun tó ṣe. Ọ̀bẹ àwọn agbẹ́gilére ìdílé wọn, ojú kan ni wọ́n ń pọ́n dagun, wọn á fi ojú kejì sílẹ̀ pẹrẹsẹ kó lè máa tẹ́ lórí igi. Ojú ọ̀tún ló pọ́n. Ojú tí ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún ṣiṣẹ́ ń pọ́n. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló fi jókòó sórí àtẹ̀gùn, tí awọ bó lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń ṣe ọ̀bẹ fún ọwọ́ tó ti kú. Orí rẹ̀ mọ̀ pé ọwọ́ náà ti lọ. Ọwọ́ òsì tó ń pọ́n irin ni kò tíì mọ̀.

Kò sọkún. Ó jókòó, ó ń mí. Nígbà tó ṣe, ó da omi sí sìmẹ́ńtì, ó yí ọ̀bẹ padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ojú kejì. Inú ń bí i, ó sì ń yára ju bó ṣe yẹ lọ. Ọwọ́ ọ̀tún wà lórí itan rẹ̀, níbi tó gbé e sí láàárọ̀.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹ̀rọ kọṣẹ́ níbi iṣẹ́ Wàsílátù, tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ó ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, ó rí ẹ̀jẹ̀ tó ń bá omi sìmẹ́ńtì ṣàn wá sí ìsàlẹ̀. Ó sáré gòkè. Ó bá bàbá rẹ̀ tó tẹrí ba, tó ń ha irin, tí ọ̀bẹ sì ti ya ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ti rin ṣòkòtò. Kò mọ̀ rárá.

Wàsílátù kò pariwo. Ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó rìn dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jù ú sí gọ́tà ńlá tó wà níwájú ilé. Lẹ́yìn náà ló wá fi aṣọ di ọwọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ fẹ́ kí n nu ẹ̀jẹ̀ nínú ilé yìí?"

Ọláyanjú kò dá a lóhùn. Kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà, kò dá a lóhùn lọ́jọ́ kejì. Bó bá wẹ̀ fún un, á gbé apá sókè, á gbé e sílẹ̀. Oúnjẹ tó bá gbé kalẹ̀, bó ṣe gbé e ni yóò ṣe bá a. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, Wàsílátù jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́.

"Ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Bó jẹ́ pé ẹ fẹ́ bú mi ni, ẹ bú mi."

"Báwo lèèyàn ṣe máa bú ẹni tó ń wẹ̀ fún un?"

"Wọn kì í jẹ́ ká mú fóònù dé ìdí ẹ̀rọ," ni Wàsílátù wí. "Inú ìbọ̀sẹ̀ ni mò ń fi tèmi pamọ́ sí. Bó bá ti gbọ̀n báyìí, àyà mi á já. Màá ní wọ́n ti bá yín nílẹ̀. Kì í ṣe ọ̀bẹ ló ń bí mi nínú."

"Mo mọ̀."

"Bí ẹ bá mọ̀, kí ló dé?"

Ọláyanjú gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ síwájú, ó tẹ́ ẹ sórí orúnkún kí ọmọ rẹ̀ lè rí ìka tó bó.

"Ọwọ́ tó ṣẹ́kù fún mi nìyí. Kò mọ iṣẹ́ kankan. Mo ń fi kí ènìyàn, ojú ń tì mí. Mo ń fi jẹun, ó ń da ọbẹ̀ sí mi láyà. Tí mo bá jí, mo jẹun, mo jókòó dè ẹ́ kí o dé, mo tún sùn. Wàsílátù, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ló yẹ kó kọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ kọ́ ọwọ́ yìí, kó tó pẹ́ jù."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí Wàsílátù tó lọ síbi iṣẹ́, Ọláyanjú rí i láti òkè tó fi igi gígùn ń tú ẹrẹ̀ dúdú gọ́tà kiri. Ó tú u títí, òórùn náà dé òkè. Kò rí nǹkan kan. Ó fọ ẹsẹ̀, ó lọ.

Nígbà tó dé lọ́sàn-án, ó yọ nǹkan méjì nínú àpò rẹ̀. Èkíní ni ègé irin kan tó nípọn, tó kán lára ọ̀bẹ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé ike. Ó ní òun bẹ ẹnjiníà, ó sì fún òun. Èkejì ni ìbọ̀wọ́ awọ kan, irú èyí tí àwọn tó ń gbé irin gbígbóná ń wọ̀.

"Ọwọ́ ọ̀tún yín lẹ máa wọ èyí sí. Ọjọ́ tí mo bá bá yín láìwọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ tán nílé yìí."

"Ṣé ọmọdé ni mí?"

"Rárá. Èmi ni ẹ̀rù ń bà."

Irin tuntun yìí le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà wọ́n. Ní àárín ọ̀sẹ̀, Ọláyanjú á dá a ṣe lórí àtẹ̀gùn, ìbọ̀wọ́ ńlá lọ́wọ́ ọ̀tún, bí ẹni gbé apá ìbejì méjì tí kò jọra. Ó kórìíra ìbọ̀wọ́ náà. Ó ń mú un làágùn, ó ń yọ, àwọn ọmọ ilé sì ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, Wàsílátù á jókòó tì í, á bá a di irin mú. Kò mọ̀ ọ́n dì. Á gbé e dagun jù, bàbá rẹ̀ á gbá a lọ́wọ́.

"Ojú òsì ni mo ní. Ojú òsì. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni kí n sọ ọ́?"

"Ẹ̀yin náà tí ẹ ń sọ ọ́, ó ṣe tán, ọjọ́ mẹ́rin lẹ fi pọ́n ojú ọ̀tún."

Ọláyanjú yí ojú sí i láti bínú, kò rí ìbínú náà mú jáde. Ó ní, "Da omi sí i."

Nígbà tí ọ̀bẹ náà parí, kò dára lójú. Kò tọ́ dáadáa, èèkù rẹ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, rọ́bà táyà sì wú lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọláyanjú fi orúnkún há igi, tó tì í síwájú, ó jẹ igi. Ègé igi fẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ, ó ká, ó bọ́ sílẹ̀. Wàsílátù mú un nílẹ̀, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Ọláyanjú kò wò ó. Ó ti ń gbẹ́ òmíràn.

Ṣíbí ló fẹ́ gbẹ́. Ọjọ́ mẹ́jọ ló fi gbẹ́ ẹ, irú èyí tó máa ń gbẹ́ tẹ́lẹ̀ kí ẹ̀kọ àárọ̀ tó tutù. Ọrùn rẹ̀ wọ́. Ikùn rẹ̀ jìn lápá kan, ó fẹ̀ lápá kejì. Bí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan bá gbé irú rẹ̀ wá nígbà náà, á ní kó lọ fi dáná. Lọ́jọ́ kẹjọ, ó ku díẹ̀ kó parí, igi náà là láti etí dé ọrùn. Kò tíì gbẹ tán, oòrùn ti jẹ ẹ́ níyà.

Ọláyanjú wò ó. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan nípa igi dóńgóyárò tí Wàsílátù kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, ó ju ṣíbí náà sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ó jókòó pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́, ìbọ̀wọ́ ti fẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ kejì.

Wàsílátù dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó bi í pé, "Ṣé kí n gbé oúnjẹ wá?"

"Gbé e wá." Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó tún ní, "Bí o bá ń lọ síbi iṣẹ́ lọ́la, bá mi bi wọ́n bóyá wọ́n ní pákó tó gbẹ, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé ẹrù. Kó má ní ìṣó nínú. Kí o sì bá mi rán ìbọ̀wọ́ radaràda yìí kó mú mi lọ́wọ́."

"Ẹ ó wọ̀ ọ́ o."

"Mo gbọ́," ni Ọláyanjú wí, ó sì tún da omi sórí sìmẹ́ńtì.